Òṣìṣẹ́ ń pọ̀ sí i, iṣẹ́ ń falẹ̀

Ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwíà tí èèyàn 5 dá sílẹ̀ lè máa gbé ohun tuntun jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí wọ́n bá di 50, irú iṣẹ́ kan náà á máa gba oṣù méjì, àwọn ọ̀gá á sì máa rò pé ọ̀lẹ làwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó bínú. Tí a bá ka ẹni méjì méjì tó lè bára wọn sọ̀rọ̀, láàárín èèyàn 5, ọ̀nà 10 péré ni ọ̀rọ̀ lè gbà. Láàárín 10, ó di 45. Láàárín 50, ó di 1,225. Fred Brooks, tó darí iṣẹ́ OS/360 (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ńlá) ní ilé-iṣẹ́ IBM, ti kọ ọ́ láti 1975 pé iṣẹ́ sọ́fítíwíà tó ti pẹ́, èèyàn tí a bá rọ́ kún un á tún mú kó pẹ́ sí i, torí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ni yóò gbé tiwọn sílẹ̀ láti kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Òfin Amazon lórí èyí lókìkí: ikọ̀ tí pizza méjì kò bá yó ti pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ló gbọ́ ti pizza tí wọn kò gbọ́ ìyókù. Ikọ̀ èèyàn 7 tó ṣì ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ikọ̀ mẹ́ta kó tó gbé iṣẹ́ jáde, ikọ̀ ńlá ni. Amazon fúnra rẹ̀ padà rí i pé kíkéré nìkan kò tó, ó sì ń yan aṣáájú kan fún iṣẹ́ pàtàkì, ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́.

Láti mọ ibi tí tiyín ti dí, ẹ kọ iṣẹ́ 10 tó pẹ́ láìpẹ́ yìí sílẹ̀, kí ẹ kọ ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dúró dè síwájú rẹ̀. Tí ẹ̀ka kan bá jáde lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ mú ẹnì kan níbẹ̀ wọ inú ikọ̀ pátápátá. Melvin Conway, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ti sọ ní 1968 pé bí ilé-iṣẹ́ bá ṣe pín ara rẹ̀ ni ohun tó bá ṣe náà ń pín. Áàpù tí ojú-ìwé ìsanwó rẹ̀ kò jọ ti ọjà rárá, ẹ̀ka méjì tí kì í bára wọn sọ̀rọ̀ ló ṣe é.

Ní 2012, ìwé kan jáde nípa bí Spotify, ilé-iṣẹ́ áàpù orin, ṣe tò ikọ̀ wọn: squad ni ikọ̀ kékeré, tribe ni àkójọ ikọ̀ tí kò yẹ kó ju nǹkan bí èèyàn 100 lọ, chapter sì ni àwọn oníṣẹ́ kan náà láti inú oríṣiríṣi ikọ̀. Orúkọ wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kó. Ibi tó ti máa ń dàrú ni pé olórí chapter ló ń bójú tó owó oṣù òṣìṣẹ́, ẹlòmíràn ló ń sọ iṣẹ́ tó máa kọ́kọ́ ṣe. Tí àwọn méjèèjì kò bá fohùn ṣọ̀kan, ta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ borí? Ẹ kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ kí ìjà tó dé.

Ní ti iṣẹ́ tó gba àròjinlẹ̀, ètò Basecamp, ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwíà kan, ni mo fara mọ́ jù. Dìsáínà kan pẹ̀lú ẹnì kan tàbí méjì tó ń kọ kóòdù á gba iṣẹ́ kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ méjì á sì tẹ̀ lé e tí wọn kì í fi iṣẹ́ tuntun sí. Wọn kì í béèrè ìgbà tí iṣẹ́ yóò gbà; wọ́n ń béèrè ìgbà tó yẹ ká ná lé e lórí. Àkókò kì í yí, ìwọ̀n iṣẹ́ ni wọ́n ń gé. Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé tí kò parí, wọn kì í kàn fi àkókò kún un. Ẹni tó gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀ kì í ya àwòrán rẹ̀ tán: tó bá yà á tán, kò sí ohun tó kù fún dìsáínà láti rò, tí kò bá pààlà sí i, iṣẹ́ á fẹ̀ kọjá ààlà.

Ohun tó máa ń ba ètò yìí jẹ́ ni “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí fẹ́ẹ́rẹ́.” Wákàtí méjì ni àwọn tó béèrè rò pé àwọn gbà, àmọ́ odindi ọ̀sán ló lọ, torí ẹni tó ń ronú nípa ìṣòro líle gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa gba irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, kí ẹ máa yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ má sì ka ọ̀sẹ̀ náà mọ́ àkókò iṣẹ́ rẹ̀.