Ìgbín Tó Kun Kútẹ́ẹ̀sì

Ọkọ mi ní a ò ní ra ẹ̀fọ́ mọ́, a ò ní ra ẹyin mọ́, tó bá sì yá, a ò ní ra ẹran mọ́. Àpáta là ń gbé n'Ìbàdàn, kò jìnnà sí Moor Plantation tí wọ́n ti ń ṣèwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ láti ayé òyìnbó, mo sì gbà pé atẹ́gùn ibẹ̀ ló ń fẹ́ sí i lára. Ká tó wí, ká tó fọ̀, ó ti fi ewúro yí ògiri ká, ó gbin tẹ̀tẹ̀ síbi tí mo ti ń sáṣọ, ata rodo sì ń so nínú gbogbo ike ọ̀dà tó bá ti ṣófo. Mi ò ní purọ́, tẹ̀tẹ̀ yẹn dára. Kò pé oṣù kan tá a ti ń já a sọ́bẹ̀.

Ẹran ọ̀sìn ló kó bá wa. Àkùkọ tó kọ́kọ́ rà kò mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán. Aago méjì òru ló máa ń kọ, àwọn aládùúgbò sì ń kùn títí a fi fi í ṣọdún. Ewúrẹ́ ló tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ ká fọ̀rọ̀ ewúrẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó ni kọ́tìnnì tó jẹ kò tíì máa dá wa lóhùn dáadáa tá a bá kí i.

Ìgbà yẹn lẹnìkan níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní kó lọ sin ìgbín. Ìgbín kì í ké, kì í rùn téèyàn bá ń tún ibẹ̀ ṣe, kì í já okùn. Ewé ìbẹ́pẹ àti ewé kókò ló ń jẹ, èèpo ẹyin tá a bá gún kúnná ló sì ń mú ìkarahun rẹ̀ le. Wọn kì í wá akọ kún abo fún un, torí gbogbo ìgbín ló jẹ́ akọ tó tún jẹ́ abo. Tí méjì bá ti pàdé, ó parí: wọ́n á yé ẹyin sínú ilẹ̀, tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọmọ dé. Ọkọ mi bá to búlọ́ọ̀kù sábẹ́ igi máńgòrò, ó da ilẹ̀ dúdú sí i, ó fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, ó sì fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó lọ sí Bódìjà, ó ra àwọn ńláńlá wá.

Èmi ni mo ní ká sàmì sí àwọn tó tóbi, kí ẹnikẹ́ni má baà kó ìyá ìgbín sí ìkòkò lọ́jọ́ tá a bá fẹ́ jẹ. Ṣọ́ọ̀kì ò lè dúró níbi tó máa ń tutù nígbà gbogbo. Mo bá mú kútẹ́ẹ̀sì mi, pupa fòò, mo fi tọ́ wọn lẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ wọ́n gan-an.

Òjò kan wá rọ̀ lóṣù kẹfà. Ará Ìbàdàn kì í ṣàpèjúwe òjò kó má dárúkọ Ògùnpa ti 1980, nítorí náà n ó kàn sọ pé kò tó ìyẹn, àmọ́ ẹ̀ka máńgòrò kan já, ó bọ́ sórí nẹ́ẹ̀tì, ó sì ya á. Ìgbín ò sì fẹ́ràn nǹkan mìíràn tó òru tí ilẹ̀ bá tutù. Wọ́n ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nìgbín ń gun igi. Tiwa gun ògiri, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì, wọ́n gba ojú gọ́tà kọjá, wọ́n sì fi gbogbo òru rìn.

Igbe Ìyá Ìbejì ló jí wa.

"Ẹ gbà mí o! Ẹ wá wo ohun tí wọ́n gbé sí mi lẹ́nu ọ̀nà!"

Mo yọjú lójú fèrèsé. Ìgbín mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n tò bí àlejò tó ń dúró kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, gbogbo wọn pẹ̀lú àmì pupa lẹ́yìn.

Ká tó ṣẹ́jú, àdúgbò ti pé. Ẹnìkan ní òun náà rí ọ̀kan lára géètì òun. Ọkùnrin tó ń ṣe POS ní mẹ́ta yẹn ní ìtumọ̀, àmọ́ kò sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Arábìnrin kan ti ń fèdè fọ̀. Ìyá Ìbejì ní òun mọ ẹni tó wà nídìí ẹ̀, ó sì ń wo ilé àbúrò ọkọ rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú. "Má sọ̀rọ̀," ló wí. "Tá a bá ní tiwa ni, àwa la gbẹ́bọ nìyẹn."

Òótọ́ ló sọ. Mo sì dákẹ́, àfìgbà tí Ìyá Ìbejì wọlé tó gbé ike iyọ̀ jáde. Ẹni tó bá ti sin ìgbín rí mọ ohun tí iyọ̀ ń fojú ẹ̀ rí. Àwọn ìyá sì ni, àwọn tó ń yé ẹyin. Mi ò mọ ìgbà tí mo figbe ta.

"Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má da iyọ̀ sí i! Tiwa ni!"

Gbogbo wọn dákẹ́.

"Tiyín báwo?"

"À ń sìn wọ́n ni, mà."

"Ẹ̀ ń sìn wọ́n, ẹ wá fi osùn pa wọ́n lára?"

"Kútẹ́ẹ̀sì ni, mà."

"Ẹ̀ ń kun kútẹ́ẹ̀sì fún ìgbín?"

Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ló ń burú sí i. Ojú gbogbo wọn wá lọ sí ẹsẹ̀ mi, níbi tí kútẹ́ẹ̀sì kan náà ti ń dán lórí ọmọ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Àlàájì onílé igun ló gbà wá sílẹ̀. Mọ́ṣáláṣí ló ti ń bọ̀, tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo àwọn ìgbín náà fínnífínní.

"Èyí kì í ṣẹbọ," ló wí. "Òrìṣà-ńlá ló ni ìgbín, funfun sì ni tirẹ̀, kì í gba pupa. Ẹfun ni wọn ì bá fi sí i lára."

Gbogbo wa yíjú sí Àlàájì.

"Àlàájì, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ó wúkọ́. Ó ní ìyẹn kọ́ là ń sọ. "Ẹ̀yin ará Ìbàdàn! Ọmọ a jòro sùn, ọmọ a jẹ ìgbín yó, ọmọ a fi ìkarahun fọ́ ẹ̀kọ mu. Ìgbín táwọn baba yín jẹ kí ìlú tó dìlú, òun lẹ̀ ń sá fún?"

"Èmi kì í ṣará Ìbàdàn ní tèmi o," Ìyá Ìbejì dáhùn. "Ìjẹ̀ṣà ni mí." Ó gbé ike iyọ̀ rẹ̀ wọlé.

Wọ́n gbà pé kì í ṣẹbọ, àmọ́ wọn ò gbà á tán. Látìgbà náà, ìgbín kan ò lè yọjú ládùúgbò wa kí wọ́n má gbé e wá bá wa. Orí pákà tí wọ́n fi ń kó ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n á na ọwọ́ jìnnà sára, wọ́n á kan géètì: "Ẹ gba nǹkan yín o!" Tiwa ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé wá. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èyí tí kò kun nǹkan kan wá, ìgbín inú igbó, ìgbín etí gọ́tà, títí dórí àwọn wẹ́wẹ́ inú koríko. Mo ní kí ọkọ mi sọ fún wọn pé kì í ṣe tiwa. Ó ní kí ló dé? Gbogbo ẹ̀ ló ń gbà, á tún ṣàdúrà fún wọn. Ilé àkọ́kọ́ kún, ó kọ́ òmíràn tì í, ìyókù ibi tí mo ti ń sáṣọ sì bá a lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ó bi mí bóyá mo ní kútẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ mìíràn, kóun lè fi ya àwọn àlejò sọ́tọ̀. Mo ní kó lọ ra tiẹ̀.