Omi Ò Sí Níbẹ̀, Àmọ́ Wọ́n Ya Ọ̀nà Rẹ̀

Máàpù àtijọ́ kan ló wà lórí tábìlì mi ní Alágbàkà, Àkúrẹ́, báyìí. Ó ń ṣàfihàn apá kan ní Texas, ní Amẹ́ríkà, níbi tí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ti ṣàdédé já sínú àfonífojì Palo Duro. Àjọ USGS, tó ń ya máàpù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1879, ló ṣe é. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi irú rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni mo bá tẹ̀ ẹ́ jáde. Ínǹṣì kan lórí bébà dúró fún 2,000 ẹsẹ̀ bàtà lórí ilẹ̀.

Wọ́nlẹ̀wọ́nlẹ̀ ni mí, máàpù kì í ṣe tuntun lójú mi, àmọ́ èyí dùn mọ́ mi gan-an. Lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ yẹn, ìlà kọ́ńtọ̀, ìyẹn ìlà tó so àwọn ibi tí gíga wọn bára mu pọ̀, kò tó nǹkan. Àwọn òbìrìkìtì kéékèèké ló wà níbẹ̀, wọ́n fa eyín wẹ́wẹ́ sí wọn nínú: kòtò tí omi òjò ń dá sí nìyẹn. Lójijì, ìlà ṣù mọ́ra bí irun tí wọ́n dì: ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti já wálẹ̀. Etí àfonífojì náà ga tó 3,500 ẹsẹ̀ bàtà sí ìtẹ́jú òkun. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó bíi 2,800. Ẹ gbọ́ o, ìsàlẹ̀ kòtò yẹn ga ju ìlọ́po méjì Àkúrẹ́ wa yìí lọ! Bí ìlà bá ṣù báyìí lórí máàpù Ìdànrè, òkè ni. Nọ́ńbà ara ìlà ló ń fi ìyàtọ̀ hàn.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi nawọ́ sí ìlà búlúù kan. "Ọ̀gá, kí ló dé tí èyí ń já?"

"Omi tó ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn ni."

"Wọ́n wá ya omi tí kò sí?"

Wọ́n yà á! Kódà níbi tí wọn ò ya búlúù kankan sí, kọ́ńtọ̀ á tẹ̀ bíi lẹ́tà V, ṣóńṣó rẹ̀ á sì kọjú síbi tí omi ti ń bọ̀.

Ohun tó ń ká mi lára nìyí. Lóṣù Kejì, nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ táútáú, tí Odò Àlá ò pariwo, làwọn èèyàn ń ra ilẹ̀. Wọ́n á ní kí n sáré ri píllà, ìyẹn òpó tí a fi ń sàmì ààlà, kí n yọ sọ́fè, ìyẹn ìwé àwòrán ilẹ̀, fáwọn. Owó tí wọ́n fi ọdún gbọọrọ kó jọ ni wọ́n fẹ́ rì sójú omi yẹn. Kí n tó ri píllà kankan, mo máa ń ṣí máàpù àtijọ́ ti agbègbè wa, 1:50,000 (sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún ìdajì kìlómítà), mo sì máa ń fi V hàn wọ́n: "Ẹ̀gbọ́n, omi á gba ibí kọjá lóṣù Kẹsàn-án o." Àwọn kan á bínú kúrò. Ẹni tó bá dúró, a ó jọ lọ sórí ilẹ̀ náà, a ó máa wá ibi tí àgbàrá kó iyanrìn jọ sí.