Ojú Nìkan Ni Mo Lè Ṣẹ́: Ẹ̀rí Ìdúpẹ́ Mi

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín. Ẹ yin Olúwa! Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni mo fi ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tó bá sì mọ ibi tí mo ti ń bọ̀ yóò gbà pé ìyẹn nìkan ti tó ẹ̀rí. Oṣù 14 sẹ́yìn, ojú nìkan ni mo lè ṣẹ́. Mo ti sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ níwájú ìjọ, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fún mi, ẹkún sì jẹ mẹ́ta nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ kó kún.

Kí n tó dé orí àìsàn, ó yẹ kí ẹ mọ irú onígbàgbọ́ tí mo jẹ́. Mo gba Jésù gbọ́, mo gbà á gbọ́ dáadáa. Bí ẹ bá jí mi lóru pé kí n ka Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ àwọn Àpósítélì, n kò ní ṣì í ní ọ̀rọ̀ kan. Ìjókòó tó kẹ́yìn pátápátá nínú ìjọ, tó súnmọ́ ilẹ̀kùn, ni tèmi, mo sì nídìí tí mo fi yàn án: kí wọ́n tó parí oore-ọ̀fẹ́, ẹsẹ̀ mi kan ti wà níta. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Alàgbà kan tó ń darí àwọn tó máa ń bẹ aláìsàn wò kò yé pè mí. Èsì mi kì í yí padà: "Alàgbà, ẹ jẹ́ kí n máa fi àdúrà tì yín lẹ́yìn." Ká sòótọ́, n kì í gba àdúrà ọ̀hún. Mo kàn mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè bínú sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni.

Bí ẹnì kan bá sì ká mi mọ́ ibi tí Jákọ́bù ti sọ pé ìgbàgbọ́ tí kò ní iṣẹ́ òkú ni, mo ní ìdáhùn nílẹ̀. Màá ní kó lọ bi Martin Luther, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ìjọ tó bí àwọn ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì. Lọ́dún 1522, nígbà tó gbé Májẹ̀mú Tuntun tó túmọ̀ sí èdè Jámánì jáde, ó kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú pé bí a bá gbé ìwé Jákọ́bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Pọ́ọ̀lù, ìwé koríko gbígbẹ ni. Inú mi a máa dùn bí mo bá ti sọ ọ́ tán, àfi bí ẹni pé èmi àti Luther la jọ jókòó kọ ọ́. Oore-ọ̀fẹ́ ló gbà wá là, kì í ṣe iṣẹ́. Òtítọ́ ni, n kò sì ní yẹ̀ lórí rẹ̀ títí dòní. Ohun tí mo fi òtítọ́ yẹn ṣe ni kò dáa. Mo sọ ọ́ di ìrọ̀rí.

Inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ló kọ́kọ́ ṣe mí fún bí ọjọ́ mẹ́rin, ó sì lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, àtẹ́lẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, orúnkún mi ń yẹ̀. Ibi tí mo kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní àárẹ̀ ni, kí n lọ sùn. Lọ́jọ́ kẹrin, mo fẹ́ dìde lórí àga, ara ò dáhùn. Ìyàwó mi rò pé mo ń ṣeré, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ṣì máa ń dùn ún títí dòní, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ti ń pa á lẹ́rìn-ín láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Guillain-Barré ni wọ́n ń pe àìsàn ọ̀hún. Orúkọ àwọn dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé ni, tí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1916 lẹ́yìn tí wọ́n rí i lára sójà méjì. Nínú 100,000 ènìyàn, ẹnì kan tàbí méjì ló ń mú lọ́dún. Bí dókítà ṣe là á yé wa ni pé àwọn ọmọ ogun inú ara, tó yẹ kó gbógun ti kòkòrò tó kó ìgbẹ́ gbuuru bá mi, ló ṣìnà, tí wọ́n wá dojú ìjà kọ àwọn iṣan tí ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí apá àti ẹsẹ̀. Ọpọlọ ń ránṣẹ́, iṣẹ́ ò dé. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi mọ́. Orí mi pé. Egungun ẹsẹ̀ mi ò ṣẹ́. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń rìn, mo sì gbà tọkàntọkàn pé mo lè rìn. Ohun tí mo mọ̀ ni kò dé ẹsẹ̀.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ keje, ó ti dé àyà, n kò lè mí dáadáa mọ́. Wọ́n ki rọ́bà bọ̀ mí lọ́fun, ẹ̀rọ sì bá mi mí fún ọjọ́ 19. Oògùn tí wọ́n fà sí mi lára fún ọjọ́ márùn-ún, inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Omi ẹ̀jẹ̀ àwọn tó lé ní 1,000 ni wọ́n ń dà pọ̀ kí wọ́n tó ṣe é. Nọ́ọ̀sì kan ló sọ ọ́ fún mi bó ṣe ń so ọ̀rá oògùn kọ́, ó rò pé ìròyìn lásán lòun ń ṣe. Èmi tí mo máa ń sá jáde kí ẹnikẹ́ni tó bọ̀ mí lọ́wọ́, àwọn ènìyàn tí kò níye ti jókòó, wọ́n ti na apá, wọ́n ti jẹ́ kí wọ́n gún wọn, nítorí mi. N kò mọ ẹyọ kan nínú wọn.

Ìyá kan láti ìjọ wa ló máa ń wá lọ́sàn-án nígbà yẹn. Ó tó bí mi lọ́mọ. Ó kọ lẹ́tà a, b, d sórí páálí kan, a sì jọ ṣàdéhùn: yóò máa fi ìka tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bó bá dé orí èyí tí mo fẹ́, kí n ṣẹ́jú. Lẹ́tà 25 ni. Ẹ rò ó wò, kí ẹ máa ti orí a bọ̀ fún gbogbo lẹ́tà tí ẹ bá fẹ́.

Ó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé O, mo ṣẹ́jú. "Omi? Ṣé omi ni?" N kò mira. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. R. "Orí! Orí ń fọ́ ọ. Jẹ́ kí n pe nọ́ọ̀sì." N kò ṣẹ́jú, ó jókòó padà. U. "Òru? O ò rí oorun sùn lóru?" Ó ti ń làágùn. Ó tún padà sí a. K. Ó wo páálí, ó wò mí, ó ní, "Orúk... Orúkọ? Orúkọ ta ni?" Mo wò ó. Mo ń wò ó, mi ò gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó yé e. "Tèmi?" Mo ṣẹ́jú. Ìyá yìí bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Kò ní fẹ́ kí n kọ ọ́ síhìn-ín. Ọdún mẹ́fà la fi jọ ń sin Ọlọ́run kan náà nínú ilé kan náà, iwájú mi tààrà ló máa ń jókòó sí, ẹ̀yìn gèlè rẹ̀ ni mo mọ̀.

Nígbà tí wọ́n yọ ẹ̀rọ tí mo sì padà sílé, n kò tíì lè jókòó fúnra mi. Òkè la ń gbé. Ọkùnrin mẹ́rin láti ìjọ ló gbé mi lórí àga gun àtẹ̀gùn, àtẹ̀gùn 18, mo kà á nítorí n kò ní nǹkan mìíràn tí mo lè ṣe. Alàgbà yẹn wà nínú wọn, òun ló di ẹsẹ̀ àga apá ọ̀tún mú. Níbi tí àtẹ̀gùn ti yí, wọ́n ní láti gbé àga dagun díẹ̀, òógùn rẹ̀ kán sí mi níwájú orí, ó sì ṣàn wá sí kòrókòró ojú mi. Apá mi ò ṣeé gbé láti nù ún. Òógùn ẹni tí mo ń parọ́ àdúrà fún lọ́dún mẹ́fà ń ta mí lójú, n kò sì lè ṣe nǹkan kan sí i.

Ẹni tí kò lè yíra padà, wọ́n ní láti bá a yí i ní wákàtí méjì méjì, kí ara rẹ̀ má baà jẹrà. Wákàtí méjì méjì, tọ̀sán tòru. Ìyàwó mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ìjọ pín òru láàárín ara wọn: àwọn kan láti aago mẹ́wàá di aago méjì, àwọn kan láti aago méjì di ìdájí. Wọn ò wàásù fún mi rárá. Wọ́n á yí mi, wọ́n á fi ìrọ̀rí sí mi láàárín orúnkún, wọ́n á padà sórí àga, ẹlòmíràn a sì máa hanrun. Òru bẹ́ẹ̀ ni mo rántí ohun tí Jákọ́bù wí nípa ẹni tó ń sọ fún aláìní pé kó máa lọ ní àlàáfíà, kó móoru, kó yó, tí kò sì fún un ní nǹkan kan. Èmi gan-an nìyẹn. Níwájú díẹ̀ ó ní àwọn ẹ̀mí èṣù pàápàá gbàgbọ́, wọ́n sì wárìrì. Ẹ̀rù bà mí. Èmi ò tiẹ̀ wárìrì rí.

Kí n má fi eléyìí pamọ́: arákùnrin kan wá lọ́jọ́ kan, ó dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi, ó pàṣẹ kí n dìde kí n máa rìn. Ó pàṣẹ lẹ́ẹ̀mẹta. N kò dìde. Ó ní ìgbàgbọ́ mi ló kéré. Mo gbà pé Ọlọ́run ń wo ènìyàn sàn lójú ẹsẹ̀, n kò bá a jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àsìkò tó fi ń pariwo, alàgbà wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń gé èékánná mi. Kò gbórí sókè. Nígbà tí ẹni yẹn lọ tán, ó fẹ́ atẹ́ lu ìka mi kí ìgékù èékánná lè kúrò, ó ní, "Fún mi ní ọwọ́ kejì." Ó rántí pé n kò lè fún un, ó bá mú un fúnra rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo ní kí ìyàwó mi ka Máàkù orí kejì fún mi, ìtàn alárùn ẹ̀gbà tí ọkùnrin mẹ́rin gbé wá, tí wọ́n dá òrùlé lu nítorí èrò. Mo ti gbọ́ ọ tipẹ́. Ẹsẹ̀ karùn-ún ní Jésù rí ìgbàgbọ́ wọn. Mo ní kó tún un kà. Wọn. A kò sọ bóyá ọkùnrin orí ibùsùn yẹn gbàgbọ́ tàbí kò gbàgbọ́, a kò tiẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀ títí ìtàn náà fi tán. Ìwé Mímọ́ sì sọ pé Jésù rí i. Kí ló wà níbẹ̀ tí ojú lè rí? Ihò lára òrùlé, erùpẹ̀ tó ń já lu àwọn ènìyàn lórí, àti ọwọ́ mẹ́jọ tó ń sọ ènìyàn kan kalẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé mi lọ́dún tó kọjá ló wọ̀, yóò rí àga onígi kan, ìrọ̀rí mẹ́ta, àti ẹni tó ń hanrun ní aago mẹ́ta òru. Bó bá wo èmi fún ọdún mẹ́fà ńkọ́? Ẹ̀yìn mi lẹ́nu ọ̀nà ni yóò rí.

Iṣan kì í tètè hù. Dókítà ní kí n má retí ju bíi mílímítà kan lọ lójúmọ́. Oṣù kẹta ni mo tó lè gbé ṣíbí, oṣù kẹfà ni mo dìde dúró, oṣù kẹsàn-án ni mo fi ọ̀pá rìn dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ní àárín rẹ̀ ni mo tún padà sọ́dọ̀ Luther, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà lẹ́yìn mi. Inú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tó kọ sí ìwé Róòmù, lọ́dún 1522 kan náà, ni mo ti bá a: ó ní ohun alààyè, ohun tí kì í jókòó jẹ́ẹ́ ni ìgbàgbọ́, kì í béèrè bóyá iṣẹ́ rere wà láti ṣe, kí wọ́n tó béèrè ó ti ṣe é tán. Ọ̀gá tí mo fi ń gbèjà ara mi ti tú mi fó láti nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, n kò kàn ka ibẹ̀ ni.

Ọlọ́run mi, mo dúpẹ́ èémí. Mo dúpẹ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, àti lọ́wọ́ àwọn tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ tí wọn kò ní mọ̀ láé pé èmi ni. Ẹ̀yin mẹ́rin tí ẹ gbé àga, ẹ kò gbà kí n dárúkọ yín, ẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀ fún yín nígbà náà, mo ti lè kúnlẹ̀ báyìí, kìkì pé ẹ ní láti bá mi dìde.

Mo fẹ́ kọ jù báyìí lọ, àmọ́ aago kan ààbọ̀ òru ti lù. Bàbá kan ń ṣàìsàn nínú ìjọ wa, èmi ni mo ni aago méjì di ìdájí. Apá òsì ni wọ́n yí i sí kẹ́yìn, ọ̀tún ló kàn.