Etí Ni Kẹ́ Ẹ Rò, Kì Í Ṣe Orí: Fìlà Dídé Nínú Òtútù

Inú àpò kóòtù ni fìlà òtútù ń gbé, kì í ṣe inú àpótí ńlá tí wọ́n máa kó sí ikùn bàálù. Ẹni tó bá dì í mọ́ ẹrù yóò sọ̀ kalẹ̀, òtútù á ti máa dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, fìlà á sì wà níbi tí ọwọ́ ò tó o. Ìṣẹ́jú 15 tí èèyàn máa fi dúró de bọ́ọ̀sì kò jọ nǹkan kan létí, àmọ́ etí gan-an ló máa jẹ ìyà rẹ̀. Etí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ooru, tí afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ òdo wá kọlù, kì í pẹ́ kó tó máa ta bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ gún un.

Ṣé dandan wá ni fìlà? Bó bá ti wá sí dígírì 5 sísàlẹ̀ (Celsius là ń wí), àwa ní bẹ́ẹ̀ ni. Láàárín 5 sí 10, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ pinnu. Bó bá ju 10 lọ, ẹni tó ń rìn kò nílò rẹ̀, àfi ẹni tó fárí kodoro tàbí tó máa jókòó sójú kan fún wákàtí kan.

Àmọ́ o, ìdí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ fúnni pé ká dé fìlà kì í ṣe òótọ́. Wọ́n á ní ìdajì ooru ara ló ń gba orí jáde. Ọ̀rọ̀ yìí nílé tó ti wá. Láwọn ọdún 1950, àwọn ológun Amẹ́ríkà mú àwọn kan wọnú òtútù líle, wọ́n wọ̀ wọ́n láṣọ tó bo gbogbo ara, wọ́n sì fi orí nìkan sílẹ̀. Ilé tí wọ́n ti gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, tí wọ́n ṣí fèrèsé kan ṣoṣo sílẹ̀, ibo ni ooru ibẹ̀ ì bá gbà jáde? Ìwé ìtọ́ni ológun wọn ti ọdún 1970 kọ ọ́ pé ooru tó ń gba orí lọ tó 40 sí 45 nínú ọgọ́rùn-ún, bó ṣe tàn káyé nìyẹn. Ọdún 2008 ni oníṣègùn méjì, Rachel Vreeman àti Aaron Carroll, já irọ́ náà nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ. Orí àgbàlagbà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá awọ ara lọ, ooru tó ń gba ibẹ̀ jáde kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ìpín yẹn. Nítorí náà, ẹni tó ra fìlà olówó gọbọi, tó wá wọ bàtà tó ń gba omi, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Etí ló mú ká máa tẹnu mọ́ fìlà. Ó fẹ́lẹ́, ó yọ síta lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kò fi bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rá tàbí ẹran. Bí òtútù bá ti mú, ara á fún àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó ń lọ síbẹ̀ pa, kó lè dá ooru dúró fún ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Etí, imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́, àgbọ̀n àti àwọn ìka ló sábà máa ń kọ́kọ́ dì. Awọ orí ní tirẹ̀ kì í fún òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pa bíi ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ńṣe ló ń tú ooru jáde lọ ní tirẹ̀. Fìlà tó bo méjèèjì ló yanjú ọ̀rọ̀.

Ẹ má fi dígírì nìkan díwọ̀n òtútù. Bó bá jẹ́ -10, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ ní kìlómítà 30 ní wákàtí kan, bíi -20 ni yóò ṣe rí lára awọ tó wà níta. Ojú òpó tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí sábà máa ń kọ nọ́ńbà kejì yìí, tí wọ́n ń pè ní wind chill. Òun ni kẹ́ ẹ wò. Bó bá ti tó nǹkan bíi -28, awọ tí kò ní ìbòrí lè dì láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 30. Fìlà nìkan ò tó mọ́ níbi tó dé yẹn: ẹ fi síkáàfù tàbí fìlà abojú, èyí tó jẹ́ pé ẹyinjú nìkan ló ń yọ síta, kún un. Èémí máa ń mú kí aṣọ iwájú ẹnu rin, omi náà á sì dì gbagidi, torí náà ẹ máa yí ibi tó gbẹ síwájú.

Fìlà tó jókòó sórí bí ìdérí ìkòkò, tí etí méjèèjì yọ jáde, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ẹ fà á wálẹ̀ kó kan òkè ìpéǹpéjú níwájú, kó bo ìsàlẹ̀ etí pátápátá, kó sì dé ẹ̀yìn ọrùn. Fìlà olétí, tó dà bí abetí-ajá àmọ́ tó ní irun nínú, ló dára jù fún ẹni tó máa dúró pẹ́ níta. Kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ fi téèpù wọn orí yíká, lókè ìpéǹpéjú àti etí, pẹ̀lú irun bó ṣe máa wà gan-an. Ẹni tó dirun tàbí tó so ó mọ́ra á rí i pé nọ́ńbà náà pọ̀ ju ti ìgbà tí irun wà nílẹ̀. Fìlà tó fún jù á máa fọ́ni lórí, á sì tún máa sún sókè díẹ̀díẹ̀ títí etí á fi yọ.

Ní ti aṣọ rẹ̀, ẹ sá fún òwú. Bí òwú bá ti gba òógùn tàbí yìnyín, kì í tètè gbẹ, á wá lẹ̀ mọ́ orí tútù nini. Irun àgùntàn lè fa omi tó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo rẹ̀ kí ọwọ́ tó mọ̀ pé ó rin, ó sì ń móoru síbẹ̀. Fleece, aṣọ múlọ́múlọ́ tí wọ́n fi òwú oníke ṣe, fúyẹ́, ó ń tètè gbẹ, àmọ́ afẹ́fẹ́ ń gbà á kọjá. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ gbé fìlà sẹ́nu, ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sí òdìkejì rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fẹ́ atẹ́gùn sí i dáadáa. Bí ọwọ́ bá gbọ́ èémí yín, afẹ́fẹ́ ìta náà á kọjá. Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ má rà á o, ó kàn ń fẹ́ húùdù kóòtù, ìborí tí wọ́n rán mọ́ ọrùn kóòtù, lórí ni.

Irun àgùntàn tún ní àléébù kan tí àwọn tó ń tà á kì í sọ. Ó máa ń ha irun tó lọ́ pọ̀, ó máa ń fa omi ara irun, etí irun níwájú orí ló sì máa ń kọ́kọ́ já. Ẹ rán aṣọ sátínì sínú rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sátínì tín-ín-rín wé orí. Ẹ yọ yẹtí onírin kẹ́ ẹ tó jáde. Irin máa ń gbé òtútù wọ etí kíákíá.

Ibi tí àwọn tó mọ òtútù ti yàtọ̀ sí àlejò rẹ̀ ni ìgbà tí wọ́n ń ṣí fìlà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gun òkè tàbí kẹ́ ẹ fa ẹrù, ẹ ṣí i kẹ́ ẹ tó làágùn, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti ń ṣàn. Fìlà tín-ín-rín kan fún ìrìn, èyí tó nípọn fún ìdúró. Bẹ́ ẹ bá ti dúró báyìí, kí ara tó tutù, ẹ tètè dé èyí tó nípọn. Ẹ ṣí i nínú ọkọ̀ ojú irin àti nínú ilé ìtajà pẹ̀lú, nítorí orí tó làágùn níbẹ̀ ló máa gba afẹ́fẹ́ níta.

Húùdù ní ewu tirẹ̀: bẹ́ ẹ bá yí orí, kì í bá yín yí. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ sọdá títì, gbogbo ara ni kẹ́ ẹ yí, torí kì í ṣe ojú nìkan ló ń dí, ó ń dín ìró ọkọ̀ kù létí.

Ìwé máa ń sọ pé awọ tó ń dì á pọ́n, á wá funfun. Lára awọ dúdú, èyí ṣòro í rí. Ẹ wò ó bóyá ó ṣá bí ẹni fi eérú pa á, bóyá ó ń dán bí àbẹ́là. Ẹ fọwọ́ kàn án: ṣé ó le, ṣé etí ò mọ̀ pé ẹ fọwọ́ kan òun? Etí tó ń ro tẹ́lẹ̀, tó wá dákẹ́ lójijì, kò tíì sàn o. Ẹ wọlé, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbígbẹ tó móoru bò ó, tàbí aṣọ tí wọ́n rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, dígírì 37 sí 39. Ẹ má fi yìnyín ra á, ẹ má fọwọ́ ra á, ẹ má sì gbé e súnmọ́ iná, nítorí kò ní mọ̀ ìgbà tó ń jó. Bó bá lé ròrò tàbí tó ṣì le gbagidi, ilé ìwòsàn yá.

Ti ọmọ ọwọ́ yàtọ̀: orí rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún awọ ara rẹ̀, fìlà kì í ṣe àríyànjiyàn fún un níta. Ẹ má ra èyí tó ní okùn gígùn lábẹ́ àgbọ̀n, ẹ ṣí i bẹ́ ẹ bá ti wọlé tàbí wọ ọkọ̀, ẹ má sì jẹ́ kó dé e sùn.

Lálẹ́, ẹ yí inú fìlà síta, ẹ tẹ́ ẹ sórí táwẹ́ẹ̀lì, kó jìnnà díẹ̀ sí ẹ̀rọ amúlémóoru. Bẹ́ ẹ bá gbé ti irun àgùntàn lé ẹ̀rọ náà lórí tàbí tẹ́ ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, á sún kì, ọmọdé ló máa bá mu lọ́jọ́ kejì. Omi tútù, ọṣẹ díẹ̀, ẹ fún un láàárín táwẹ́ẹ̀lì, ẹ má lọ́ ọ. Bó bá ti gbẹ, ẹ dá a padà sápò kóòtù.