Rọ́bà ọrùn mi àti orí tí mo fọ̀ nítorí Ojúde Ọba

Ọjọ́ kejì Iléyá ni mo ṣe àṣìṣe yẹn. Ojúde Ọba ku ọ̀la, ẹgbẹ́ wa ti rán aṣọ, mo bá ní kí onídìrí fọ orí mi dáadáa. Omi ṣàn wọ abẹ́ pílásítà tó bo rọ́bà ọrùn mi, èyí tí ẹ̀rọ ń gbà fọ ẹ̀jẹ̀ mi torí kíndìnrín mi ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Mo fi etí ìborùn nù ún, mo ní kò sí nǹkan kan.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, òtútù mú mi lóru. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ibà ni, mo lo oògùn ibà, ara sì fúyẹ́ díẹ̀. Àfi ìgbà tí wọ́n so mí mọ́ ẹ̀rọ ní Ṣágámù tí eyín mi ń gbá ara wọn. Nọ́ọ̀sì ò tiẹ̀ dárúkọ ibà. Ó ní, “Mọ́mì, ṣé omi ò kan ibí yìí?” Mo purọ́ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán irú ẹ̀ wò.

Rọ́bà yẹn ò mọ ní ọrùn o. Inú iṣan ńlá ló gbà, orí rẹ̀ sì dé ẹ̀bá ọkàn. Kòkòrò tó bá gba ibẹ̀ wọlé, inú ẹ̀jẹ̀ ló bọ́ sí, bí ẹ̀rọ bá sì ti ń ti ẹ̀jẹ̀ gba inú rọ́bà, á tú u ká ara. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi fún àyẹ̀wò, wọ́n fa oògùn apakòkòrò sí mi lára, wọ́n yọ rọ́bà náà, wọ́n sì fi òmíràn sí i. Ti owó rẹ̀, ẹ jẹ́ n dákẹ́.

Báyìí, omi ìwẹ̀ mi kì í kọjá ìdí. Tówẹ̀lì tí mo fún dáadáa ni mo fi ń nu òkè. Irun ńkọ́? Mo gé e kanlẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ó yẹ mí, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń tù mí nínú ni.

Kílínìkì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tún fẹ́ gba rọ́bà yẹn fa omi sí mi lára torí wọn ò rí iṣan. Mo kọ̀ jálẹ̀. Àwọn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ mi nìkan ló ń ṣí i: wọ́n á bo imú, èmi náà á bo imú. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì wà nínú rẹ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ á kàn tì í wọ inú ara èèyàn ni.

Dókítà fẹ́ so iṣan méjì pọ̀ lápá òsì mi kí n lè bọ́ lọ́wọ́ rọ́bà, àmọ́ á gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó gbó tó abẹ́rẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, apá ọ̀tún ni mo ń nà sí i. Bó bá fẹ́, kó bínú.