Ọjọ́bọ̀: Gulyás àti ìṣẹ́jú kan péré

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí òní, ìdí àlùbọ́sà ni mo wà. Mẹ́ta gbàǹgbà-gbàǹgbà ni, mo rẹ́ wọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, omi ojú mi ń kán sórí pákó. Aago méje ni mo gbọ́dọ̀ wà níbi iṣẹ́, bọ́ọ̀sì tí mo máa ń wọ̀ kì í sì í dúró de ọmọ ẹnìkan. Ṣùgbọ́n òtútù ti dé sí Manchester, gulyás, ọbẹ̀ ẹran màlúù àwọn ará Húngárì, sì ti ń wù mí jẹ láti ọjọ́ Àìkú. Goulash ni wọ́n ń pè é níbí.

Slow cooker ni mo fẹ́ fi sè é. Ẹni tí kò bá rí i rí, ìkòkò wúwo kan ni, bíi tánganran, tó jókòó sínú ohun èlò oníná. Iná rẹ̀ kì í pariwo. Ohun tí gáàsì máa fi bíi wákàtí méjì ààbọ̀ ṣe, yóò fi wákàtí mẹ́jọ ṣe é wọ́ọ́rọ́wọ́, ìwọ á ti lọ síbi iṣẹ́, ìwọ á ti dé. Irving Naxon tó gba ìwé àṣẹ irú ìkòkò yìí ní Amẹ́ríkà ní 1940, ẹnu ìyá rẹ̀ ló ti gbọ́ nípa cholent, oúnjẹ táwọn Júù máa ń gbé sínú ààrò oníbúrẹ́dì láyé àtijọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kó lè máa jinná lọ títí di ọ̀sán Sábáàtì. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀lẹ ló bí slow cooker, ẹ bá mi sọ fún ìyá mi.

Ìyá mi gan-an ló sì dá wàhálà àárọ̀ yìí sílẹ̀. Mo ti yọ́ ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ṣíbí méjì nínú páànù (ti ilé wọn nìyẹn, ẹni tí kì í bá jẹ ẹlẹ́dẹ̀, òróró lásán náà á ṣe é). Àlùbọ́sà ti rọ̀, ó ti ń dán, kò sì tíì pọ́n. Mo da paprika, ata pupa gbígbẹ tiwọn, ṣíbí ńlá méjì sí i. Bí mo ṣe dà á tán báyìí ni fóònù dún.

"Àdùkẹ́, o ti jí?"

"Ẹ káàárọ̀, Mà."

"Kí lò ń dín tó ń pariwo bẹ́ẹ̀?"

"Ọbẹ̀ àwọn ará Húngárì ni, Mà."

"Ṣé wọ́n máa ń fi iyọ̀ sí i?"

Kí n tó rẹ́rìn-ín tán, òórùn rẹ̀ ti yí padà. Mo wo páànù, ohun tó pupa bí osùn ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn ti dúdú bíi kọfí. Mo fi ahọ́n kàn án. Ó korò bí ewúro tí wọn ò fọ̀. Àlùbọ́sà mẹ́ta, òógùn ojú mi, gbogbo rẹ̀ di ti inú garawa ìdalẹ̀nù.

Ọwọ́ wa ni kò mọ paprika lò. Ata tiwa, tútù la máa ń lọ̀ ọ́. A ó sè é kí omi rẹ̀ gbẹ, a ó wá dín in, dín in, títí kíkan rẹ̀ á fi lọ, tí òróró á sì yọ sókè. Bí èèyàn bá yára sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á ní ata rẹ̀ kò jinná. Paprika kò fẹ́ irú ìyẹn rárá. Ata gbígbẹ lílọ̀ kúnná ni, ṣúgà sì wà nínú rẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú àáyá péréte, ó ti jóná. Ìyá onílé mi ní Debrecen, ìlú kan ní Húngárì níbi tí mo ti kàwé fún ọdún méjì, kì í tilẹ̀ jẹ́ kí paprika àti iná fojú kojú. Ìkòkò á kọ́kọ́ kúrò lórí iná. Á kẹ̀yìn sí sítóòfù, á da paprika sí ọ̀rá gbígbóná yẹn, á rò ó lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún, omi á sì tẹ̀ lé e kíákíá. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà. Néni la máa ń pè é, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń fi ti orúkọ àgbà obìnrin lẹ́yìn, kí ọmọdé má baà pe àgbà ní orúkọ lásán. Ní tèmi o, ẹnikẹ́ni ò nílò láti kọ́ mi ní ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ìṣẹ́jú yẹn ni slow cooker ò lè bá ẹnikẹ́ni ṣe. Iná rẹ̀ kéré jù fún un. Tí èèyàn bá sì kàn da paprika tútù sínú omi pẹ̀lú ẹran, ohun tó máa rí ní ìrọ̀lẹ́ ni omi pupa tó ń rùn bí erùpẹ̀.

Mo tún bẹ̀rẹ̀. Àlùbọ́sà méjì ló kù nílé, méjì náà la fi ṣe é. Fóònù wà nínú yàrá lọ́tẹ̀ yìí. Pòtétò àti kárọ́ọ̀tì ni mo tẹ́ sísàlẹ̀, torí wọ́n máa ń pẹ́ ju ẹran lọ kí wọ́n tó rọ̀ nínú ìkòkò yìí. Ẹran ojúgun màlúù, kílò kan, wà lórí wọn. Lẹ́yìn náà ni àlùbọ́sà pẹ̀lú paprika, àti ṣíbí kékeré kan caraway, irúgbìn tín-ín-rín tí òórùn rẹ̀ máa ń gbé mi padà sí ilé ìdáná néni ní tààràtà. Omi? Kó ṣáà mọ ẹran lọ́rùn. Slow cooker kì í jẹ́ kí omi fẹ́ lọ, mo ti fi ìyẹn jẹyà rí. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ni mo sáré jáde, bọ́ọ̀sì sì ti ń tan iná ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì ni mo ti rántí Hortobágy, pápá gbalasa tó wà lẹ́bàá Debrecen. Màlúù eléérú oníwo gígùn ló wà níbẹ̀, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí wọn, mo rò pé ojú ọ̀nà Ìṣẹ́yìn ni mo wà. Gulya ni wọ́n ń pe agbo màlúù, gulyás sì ni darandaran tó ń dà wọ́n. Oúnjẹ àwọn darandaran ni ọbẹ̀ yìí, inú ìkòkò irin tí wọ́n gbé kọ́ sórí iná igi ni wọ́n ti ń sè é. Ọbẹ̀ olómi ni ní ilé wọn o. Èyí tó ki, tí wọ́n ń pè ní goulash nílùú òyìnbó, pörkölt, ọbẹ̀ ẹran wọn mìíràn, ló súnmọ́ jù. Àwọn darandaran àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ mọ paprika, torí láti Amẹ́ríkà ni ata ti wá, bó ṣe dé ọ̀dọ̀ tiwa náà nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé ìyére àti atare la ní tẹ́lẹ̀. Ata tiwa máa ń ta ni. Tiwọn, csípős ni wọ́n ń kọ sára èyí tó bá gbóná: ó ń jáni léèékánná. Láti ara ọ̀rọ̀ yẹn náà ni csipetke ti wá, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ẹyin pò, tí wọ́n ń já léèékánná wẹ́wẹ́ sínú ọbẹ̀.

Mo dé nílé ní aago mẹ́rin ku díẹ̀. Òórùn pàdé mi lórí àtẹ̀gùn. Ọkọ mi, tó ṣiṣẹ́ òru, jókòó sí ilé ìdáná bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

"Ìyá Tómi, òórùn ló jí mi o."

Ó ní òun ò ṣí i. Ṣíbí mẹ́ta wà nínú síǹkì, omi ara ọmọrí ti kán yíká ìkòkò. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí ọmọrí ni ooru ń lọ, iná kékeré yẹn á sì tún máa fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó òmíràn jọ. Mo gún pòtétò kan, àárín rẹ̀ ṣì le. Mo yí i sí iná gíga, mo lọ wẹ̀.

Ẹran náà ò bínú sẹ́nikẹ́ni. Mo fi fọ́ọ̀kì kàn án, ó tú. Gbogbo iṣan funfun tí mo rí lára rẹ̀ láàárọ̀ ti yọ́ sínú omi, omi náà sì ń lẹ̀ mọ́ni létè bí omi bọ́kọ́tọ̀. Àlùbọ́sà ò pọ̀ tó, èmi mọ̀, òun ò mọ̀.

Agbára ò sí lọ́wọ́ mi mọ́ láti ṣe csipetke. Ọkọ mi dìde, ó ní òun mọ ohun tí òun máa ṣe, ó gbé omi kaná, ó sì mú gàrí. Mi ò bá a jiyàn.

Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí néni. Ó dáhùn kíákíá. Ó ní àwọ̀ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kí ni òkìtì aláwọ̀ ìyeyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ yẹn, àbí csipetke ni?

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, csipetke ni, ẹni tó ṣe é ló léèékánná ńlá.