Màá Kàn Yọ Wákàtí Kan Ni

Lọ́dún tí ètò Fulbright, ètò pàṣípààrọ̀ ẹ̀kọ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà, gbé mi lọ sí Amẹ́ríkà láti máa bá wọn kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yorùbá, ní yunifásítì kan ní ìpínlẹ̀ Indiana, aago ọwọ́ tí bàbá mi bọ́ fún mi ní pápákọ̀ òfurufú ni mo gbójú lé. Fóònù mi kò ṣeé fọkàn tán. Bí òtútù bá ti fẹ́ sí i báyìí, ó kú nìyẹn.

Ọmọ Tanzania tó ń kọ́ wọn ní Swahili la jọ ń lo ọ́fíìsì. "Kaka" ló ń pè mí, ìyẹn arákùnrin. Èmi náà ń pè é ní "Dada", nítorí bí wọ́n ṣe ń pe arábìnrin lọ́dọ̀ wọn nìyẹn. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ á kọ́kọ́ wo irun orí rẹ̀ ná.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, àwa méjèèjì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Chicago, a lọ wo odò tí wọ́n ń pa láró. Odò ni mo wí o. Láti ọdún 1962, bí ọjọ́ St. Patrick, ọjọ́ ọdún àwọn ará Ireland, bá ti ń sún mọ́lé, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ omi á wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á da ìyẹ̀fun kan tó pọ́n bí ọsàn sínú odò, omi á sì di àwọ̀ ewé. Àfi bíi pé ẹnì kan gbé ìkòkò ewédú dà nù síbẹ̀.

Ìlú tí a ti wá fi wákàtí kan ṣíwájú Chicago. Bí a ti sọ̀ kalẹ̀, Dada ní kí n yí aago mi. Mo kọ̀. Aago bàbá mi, kí n máa yí i síwá sẹ́yìn torí ọjọ́ méjì péré? "Màá kàn máa yọ wákàtí kan ni," mo dá a lóhùn. Ìṣirò ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, aago méjì ọ̀sán ni bọ́ọ̀sì wa máa gbéra. A dúró níwájú Cloud Gate, ère irin ràgàjì tó ń dán bíi dígí yẹn, à ń wo bí ojú wa ṣe fẹ̀ bí ọpọ́n lára rẹ̀, ni Dada bá yọ fóònù.

"Kaka, aago kan ti kọjá. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Mo wo ọwọ́ mi: aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo yọjú wo fóònù rẹ̀: aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀rín pa mí.

"Ṣé o rí i? Aago Indiana ni tèmi. Bí tìrẹ bá bá tèmi mu, fóònù rẹ ò tíì mọ̀ pé a ti kúrò nílé. Aago méjìlá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ní Chicago níbí."

Ó ní fóònù òun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rán an létí pé láti àárọ̀ kùtù ni àwọn ti ń ka wákàtí lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n fi ń pe aago méjì ọ̀sán ní "saa nane", ìyẹn mẹ́jọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló fẹ́ kọ́ mi ní aago? Ó dákẹ́. Ó yẹ kí ìdákẹ́jẹ́ yẹn ti bà mí lẹ́rù.

Mo mú un lọ jẹ písà Chicago, èyí tó nípọn bí ìwé atúmọ̀ èdè. Wọ́n ní yóò tó ìṣẹ́jú márùnlélógójì kó tó jinná. Mo ní kò séwu, kí wọ́n fara balẹ̀ ṣe é.

Nígbà tí a dé ibùdókọ̀, aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́wọ́ mi. Mo yọ wákàtí kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù kí bọ́ọ̀sì gbéra, àmọ́ n kò rí bọ́ọ̀sì.

"Ti aago méjì?" obìnrin tó wà nídìí tíkẹ́ẹ̀tì béèrè. "Ó ti lọ tipẹ́. Ṣé ẹ ò yí aago yín síwájú lálẹ́ àná ni?"

Ara mi domi. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń yí aago síwájú ní wákàtí kan ní oṣù Kẹta, wọ́n á sì yí i padà sẹ́yìn ní oṣù Kọkànlá. Wákàtí kan tí wọ́n fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù Kọkànlá, tí mo fi sùn àsùnpiyè, òun ni wọ́n wá gbà padà lóru Sátidé mọ́jú Sọ́ńdè láì kanlẹ̀kùn. Gbogbo fóònù ló gbọ́. Aago bàbá mi nìkan ni kò gbọ́. Èyí tó dùn mí jù ni pé aago Indiana tí kò tíì lọ síwájú àti aago Chicago tó ti lọ síwájú, ọgbọọgba ni wọ́n. Ká ní mo kàn wo ọwọ́ mi bí òpè, láì ṣírò ohunkóhun, à bá bá bọ́ọ̀sì.

Dada ra tíì, ó jókòó, ó wo fóònù rẹ̀. "Saa tisa, Kaka. Aago mẹ́sàn-án nìyẹn. Ṣé kí n yọ ọ̀kan?"

Bọ́ọ̀sì alẹ́ la wọ̀. Ọ̀gànjọ́ òru la délé, oorun ò sì jẹ́ kí n rántí aago.

Lówùúrọ̀ Mọ́ńdè, ẹ̀kọ́ tó wà nílẹ̀ fún mi láti kọ́ wọn ni bí a ṣe ń sọ aago. Mo na ọwọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́: "Aago mélòó ló lù?"

Ó wo ọwọ́ tí mo nà sí i, ó wo ògiri, ó rọra to ọ̀rọ̀ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan: "Lára ògiri, aago mẹ́wàá ló lù. Lọ́wọ́ Olùkọ́, aago mẹ́sàn-án ló lù."

Gbólóhùn méjèèjì gún, ohùn rẹ̀ kò sì yẹ̀ rárá. Mo fún un ní máàkì rẹ̀ pé.